Ọmọ Tó Mọ̀ Pé Ewé Ń Mí

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi ní Ọ̀tà àti Ṣàngó, bí ọmọ bá ń já ewé dànù bó ṣe ń ti ilé-ìwé bọ̀, "Fi í sílẹ̀ jàre!" ló sábà ń jáde lẹ́nu wa. A kì í sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ewé ń mí. Ihò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ló kún ara rẹ̀, pàápàá lábẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń fa carbon dioxide wọlé lọ́sàn-án, èyí tí àwa ń mí síta. Á fi í pọ̀ mọ́ omi àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn, á fi ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, á sì tú oxygen sílẹ̀. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sọ́nà 10,000, carbon dioxide kò ju bíi 4 lọ níbẹ̀. Bíńtín yẹn ni ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo fi ń dàgbà. Ihò kọ̀ọ̀kan ní ohun méjì tó dà bí ètè: bí omi bá kún inú wọn, wọ́n á là, bí ọ̀dá bá dé, wọ́n á pa dé kí omi igi má baà tán.

Lóru, ewé náà ń lo oxygen, ṣùgbọ́n ó kéré púpọ̀. Ẹ má fi òdòdó inú ìkòkò dẹ́rù ba ọmọ pé á gba afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lóru. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tí a tàn sẹ́nu fèrèsé ló ń pa ènìyàn sójú oorun.

Kí ọmọ lè fojú ara rẹ̀ rí i, ẹ fi nàílọ́ọ̀nù tó ṣeé rí inú rẹ̀ bo ẹ̀ka mángòrò tó léwé tútù láàárọ̀, kí ẹ so ẹnu rẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, omi á ti sẹ̀ sí i nínú. Ihò ewé ló gbà jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fìka nu ewé kan létí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, níbi tí tírélà ti ń kọjá tọ̀sán-tòru. Ìka rẹ̀ á di dúdú. Eruku yẹn ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ ewé lọ́wọ́, ó sì lè dí ihò rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má parọ́ fún ọmọ pé igi ẹnu ọ̀nà yóò gbé èéfín iléeṣẹ́ mì. Igi ń gba eruku díẹ̀, ó ń fún wa níbòji. Ẹni tó ń tú èéfín síta ló yẹ kó kápá rẹ̀. Kí àwa náà jáwọ́ nínú sísun nàílọ́ọ̀nù lẹ́yìnkùlé, torí ọmọ tí a kọ́ nípa ewé láàárọ̀ máa bi wá léèrè nírọ̀lẹ́.