Òkèlè Prague ní Ìkọ̀lé

Bí ènìyàn bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé ará Èkìtì, kí ó kàn sọ pé oúnjẹ mìíràn tó iyán. Bàbá mi dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Prague ni wọ́n ti kàwé, ní yunifásítì kan tí ìjọba Czechoslovakia dá sílẹ̀ lọ́dún 1961 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tì pa lọ́dún 1974. Oúnjẹ tí ẹnu wọn kò gbàgbé níbẹ̀ ni knedlík: ìyẹ̀fun àlìkámà tí a fi yíìsì pò, tí a jẹ́ kó wú, tí a sè nínú omi tàbí lórí oru, tí a wá gé, tí a fi ọbẹ̀ ẹran jẹ. Màámi, tí wọ́n ń dín pọ́fúpọ́fù tà ní Ìkọ̀lé, a máa fèsì pé ìyẹ̀fun tí kò bá tíì rí òróró kò tíì di oúnjẹ. Wọn kò sè é rí títí bàbá fi kú.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà kan ní Ìdó-Èkìtì yẹ màámi wò nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n sì jìnnà sí ohun tí a fi òróró dín. Ẹni tó ti ń fi pọ́fúpọ́fù ṣínu láti ọgbọ̀n ọdún! Oúnjẹ wá sú wọn pátápátá. Wọ́n ń rù lójú mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n ṣàdédé bi mí pé, “Nǹkan bàbá rẹ yẹn, ṣé ó lè ṣeé ṣe nílé yìí?”

Ìyẹ̀fun tí àwọn ará Czech fẹ́ràn fún un kì í kúnná. Ó máa ń ṣe bí yanrìn lọ́wọ́. Nítorí náà mo da ife fúláwà méjì pọ̀ mọ́ ife sẹ̀mó kan, mo fọ́ ẹyin kan sí i, mo sì bu iyọ̀ táṣẹ́rẹ́. Mo gbé mílíìkì lé iná kí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fún ṣíbí kékeré yíìsì kan àti ṣúgà díẹ̀. Ibẹ̀ ni màámi ti dìde lórí àga. Wọ́n ti ìka bọ mílíìkì náà, wọ́n ní kí n jẹ́ kó tutù sí i, nítorí ohun alààyè ni yíìsì, iná a máa pa á. (Òun náà ni Bíbélì ń pè ní ìwúkàrà, irú rẹ̀ ló sì ń mú kí ẹmu ọ̀pẹ hó nínú akèrègbè.) Wọ́n ní kí n pò ó kí ó le ju ti pọ́fúpọ́fù, kí ó sì rọ̀ ju ti ṣinṣín lọ. N kò rí ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ooru ọ̀sán, kò ju wákàtí kan lọ tó fi wú di ìlọ́po méjì. Lásìkò ọyẹ́, ẹ gbé e sítòsí ààrò.

Mo tẹ́ igi ewé eéran sí ìsàlẹ̀ ìkòkò bí ẹni fẹ́ se ọ̀ọ̀lẹ̀, mo bu omi tí kò ga kọjá igi náà, mo fi ewé lé e, mo sì tẹ́ ìyẹ̀fun tí mo ti ṣù gbọọrọ bí apá ọmọdé sórí rẹ̀. Ó tún wú díẹ̀ kí n tó dá iná. Mo fi aṣọ mímọ́ sábẹ́ ọmọrí kí omi má baà kán sí i. Ogún ìṣẹ́jú, a kì í ṣí i wò. Bí ó ti jáde ni a fi igi ìtayín gún un kí oru inú rẹ̀ lè sá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò rún wọlẹ̀. Òwú ni wọ́n fi ń gé e ní Prague, bàbá a máa tẹnu mọ́ ìyẹn, kí ọ̀bẹ má baà tẹ̀ ẹ́ pa. Màámi rẹ́rìn-ín: “Ṣebí bí a ṣe ń gé ẹyin sínú ọ̀ọ̀lẹ̀ náà nìyẹn.”

Ní Kútọnu àti Lomé, wọ́n ń fi àgbàdo àti ìrẹsì ṣe ablo tó ń wú lórí oru bákan náà, ẹja díndín àti ata ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Tiwa, ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí tí a rọra fún lépo ni. Lójú tèmi, ilá kò bá a mu rárá, ṣe ni ó ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gúsí a máa wọ inú ihò rẹ̀ lọ sápamọ́. Iyán kọ́ o, kò tilẹ̀ sún mọ́ iyán.

Màámi jẹ ẹyọ mẹ́rin. Wọ́n ní bàbá mi bù mọ́ ọn, kò dùn tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀, wọ́n sì ní ó ṣì lè wú ju báyìí lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, kí n tó dìde lórí ibùsùn, mo ti ń gbọ́ ìró ọwọ́ wọn tó ń po ìyẹ̀fun nínú abọ́.