Ẹni Tí Ń Ki Ara Rẹ̀

Nílé wa, ẹlòmíràn ni í ki ènìyàn. Ìyá ni í pe oríkì ọmọ ní òwúrọ̀, onílù ni í ki bàbá lóde ìnáwó. Ẹni tí ó bá ń ki ara rẹ̀, ojú ìfura ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹ̀kọ́ tí a gbé wọ bàálù nìyẹn. Nígbà tí a dé California tí a sì rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ náà ní kí a máa ki ara wa.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe àwàdà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni í kọ ìwé ìyìn ara rẹ̀ nígbà àyẹ̀wò iṣẹ́: èmi ni mo ṣe èyí, èmi ni mo darí tọ̀hún. Lórí LinkedIn, ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó dá a dúró. Lẹ́yìn tí Meta dá òṣìṣẹ́ 11,000 dúró ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, tí Google sì kéde 12,000 ní oṣù kìíní ọdún 2023, ẹ̀rù wọ inú ìpolówó náà.

Àwọn ọ̀dọ́ wa bẹ̀ wá pé kí a kọ́ àwọn ní ọgbọ́n yìí lẹ́yìn àsáláátù. A ń kọ́ wọn lọ́wọ́ ni Àlhájà kan tí ó dàgbà jù wá lọ bèèrè pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ṣekárími nìyí?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ta ni kò mọ̀ pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pe ṣekárími ní ẹbọ kékeré? Ọ̀dọ́ kan fèsì pé: "Màmá, Ànábì Yúsúfù náà sọ fún ọba Mísírà pé òun lè ṣọ́ ọrọ̀ ilẹ̀ náà, òun sì ní ìmọ̀." Èsì gidi ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní: "Yúsúfù gba iṣẹ́ náà, ará ìlú rí oúnjẹ jẹ nígbà ìyàn. Iṣẹ́ tiyín, ta ni ó ń bọ́?"

A kò lè dáhùn. Láti ọdún 2011 ni Facebook ti wà ní Menlo Park, lẹ́gbẹ̀ẹ́ East Palo Alto tí í ṣe ìlú àwọn tálákà. Ọ́fíìsì ń pọ̀ sí i, ilé gbígbé kò pọ̀ tó. Ní ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ ka ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin ní San Francisco tí ń rí dọ́là 117,400 lọ́dún mọ́ àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn kéré. Ládánì wa, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, kò rí ìdajì rẹ̀.

Nígbà tí onílé fi owó kún owó ilé rẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Stockton, lẹ́yìn òkè Altamont. Inú ọkọ̀ ni ó ti ń dúró de àkókò àsùbáà báyìí. Ẹni tí ó gba ilé tí ó fi sílẹ̀, ọmọ ìjọ wa ni, ọ̀kan nínú àwọn tí a kọ́ ní bí a ti ń yin ara ẹni. Àwa ni a kọ ìwé ẹ̀rí ìwà rere tí ó mú lọ bá onílé. Kò sí ẹni tí ó rú òfin.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó láti fi ran àwọn tí owó ilé ń lé lọ lọ́wọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó wáyé níbi ìpàdé (ojú sì tì wá) ni bóyá a ó máa ka orúkọ àwọn tí ó dá owó. Àlhájà ní rárá.

Ní Jímọ̀ tí ó kọjá, ládánì dé nígbà tí kútúbà ti ń parí lọ, ó sì jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá bàtà. Ẹlòmíràn ni ó ti pe ìrun.