Ẹ́ńjìnì Yamaha ò tọ̀ mọ́ lójú agbami: Ohun tí mo rí pẹ̀lú Màmá ẹlẹ́ja lọ́nà Ayétòrò

Bẹ́ ẹ bá pe Ìlàjẹ l'Ékòó, Bàríga tàbí Mákòókò ló máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Èmi náà ò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ lèyí tá à ń rí l'Ékòó, ìyá ń bẹ nílé. Ẹ wọ mọ́tò gba títì tó lọ sí Bìní, ẹ bọ́ sílẹ̀ l'Órè, ẹ wọ òmíràn gba Òkìtìpupa kọjá, ẹ ó sì dé Igbókòdá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1996. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún mọ́tò pé ó dàbọ̀. Ohun tó kù níwájú mi, omi ni.

Ọjọ́ ọjà ni mo débẹ̀. Jẹ́tì kún fọ́fọ́. Àwọn kan ń kó púpurú tí èéfín ti pa lára dúdú wọnú ọkọ̀, àwọn kan ń sọ agbọ̀n edé kalẹ̀, àwọn tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù ń pariwo "ẹ yà o, ẹ yà o!" Níbẹ̀, wọn kì í bi èèyàn pé irú mọ́tò wo ló ń gùn. Ẹ́ńjìnì mélòó ló ní ni wọ́n ń bèèrè. Ẹni tó ní ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì, pákó lásán ló ní. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á tú ẹ́ńjìnì kúrò nídìí ọkọ̀, wọ́n á gbé e sí èjìká, wọ́n á gbé e wọlé bí ẹni gbé ọmọ. Olè ò gbọ́ sùúrù.

Màmá tí mo bá wọkọ̀ ní kí n má dárúkọ òun, nítorí náà Màmá ẹlẹ́ja ni n óò máa pè é. Etí òkun ló ti ń ra ẹja, Igbókòdá ló ń tà á sí, lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o lọ sí Oǹdó àti Àkúrẹ́. Yamaha ẹlẹ́ṣin ogójì ló wà nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló fi rà á, ó sì ku oṣù mẹ́jọ kó tó san án tán. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ṣàwàdà ni. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́jọ yẹn la máa sùn, tá a máa jí sí.

Ọkọ̀ gbéra. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, ewé tó ń léfòó lójú omi ń yà fún wa lọ́tùn-ún lósì, inú mi ń dùn bíi tọmọ tí wọ́n mú lọ ságbo ọdún. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin tó ń wakọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ké gbàjarè: "Màmá, kò tọ̀ mọ́ o!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fẹ́yin tí kò mọ̀, nítorí èmi náà ò mọ̀. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ò ní rédíétọ̀ bíi ti mọ́tò. Omi tó wà nínú rẹ̀ náà ló ń fà mu láti fi tu ara rẹ̀ lójú. Rọ́bà kékeré kan, tó ní ìyẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ń yí nínú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, òun ló ń ti omi yẹn sókè. Bí omi bá ti tu ẹ́ńjìnì lójú tán, díẹ̀ lára rẹ̀ á máa tú síta lẹ́yìn bí ìgbà tọ́mọdé ń tọ̀. Tí ìtọ̀ yẹn bá dá, iná ń bọ̀ nìyẹn. Ọmọkùnrin yẹn pa ẹ́ńjìnì kíá, ìyẹn ló sì gbà á là. Èéfín ti ń rú, ọwọ́ ò ṣeé fi kàn án.

Ọkọ̀ àwọn apẹja kan ló so wá mọ́ ìdí tó fi wọ́ wa dé Ayétòrò.

Ayétòrò yìí, ọ̀tọ̀ nìtàn tiẹ̀. Lọ́dún 1947 làwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń pè ní Holy Apostles tẹ̀ ẹ́ dó sórí ẹrẹ̀ etí òkun. Àpapọ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, àpò kan náà lowó ń wọ̀, ìlú ló sì ń bọ́ kálukú. Ọgẹ́lóyìnbó lorúkọ oyè ọba wọn. Ní 1953 ni wọ́n ti ń tan iná mànàmáná tiwọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń fi àtùpà ríran. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń rán bàtà, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́. Kí ẹnì kan má wá sọ fún mi pé mẹkáníìkì ibẹ̀ ò mọṣẹ́.

Òkun ni ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti gbé lọ, bó sì ṣe ń gbé ilé ló ń gbé ibojì. Láti 2004 ni àjọ NDDC ti gbé iṣẹ́ àtidá òkun dúró síta, wọ́n tún un gbé fún kọngílá mìíràn lẹ́yìn ìgbà yẹn, síbẹ̀ mo fẹsẹ̀ ara mi dúró níbi tí omi ti ń lu ògiri yàrá ẹnì kan. Bùrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣì wà lójú wíńdò.

Bàbá tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe wà lábẹ́ àtíbàbà páànù kan. Ó ní ṣọ́ọ̀bù òun kẹta nìyẹn, àwọn méjì àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ omi. Màmá ẹlẹ́ja kúnlẹ̀ kí i. Bàbá wo ẹ́ńjìnì láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ìgbà wo lẹ tú ẹsẹ̀ ẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Màmá ní, "Bàbá, látìgbà tí mo ti rà á ni."

Bàbá ò fèsì. Ó kàn mí orí.

Ká tú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì ká pààrọ̀ rọ́bà, tí gbogbo ẹ̀ bá dáa, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ọjọ́ méjì la fi ṣe tiwa. Iyọ̀ ló fà á. Alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe ara ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, irin tí kì í dógùn-ún ni wọ́n fi ṣe bóòtì tó dè é. Tí irú irin méjèèjì bá ti fara kanra nínú omi iyọ̀, wọ́n ti di bátìrì nìyẹn, alumíníọ́mù lara ẹ̀ á sì máa jẹ. Ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, á máa yọ ìyẹ̀fun funfun kan bí ẹfun, ìyẹ̀fun yẹn á ki mọ́ ara bóòtì, á sì dì gbagidi. Ẹ ò ní rí ìpáàrà pupa kankan. Lójú yín, ẹ́ńjìnì mọ́ tónítóní.

Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì mọ̀ nípa èyí, ìdí rèé tí wọ́n fi ń de irin síńkì mọ́ ọn lára, kí iyọ̀ máa jẹ ìyẹn dípò ẹsẹ̀. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Òyìnbó kan, Humphry Davy, ló gbé e kalẹ̀ ní 1824 fún ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹran ìrúbọ ni síńkì yẹn. Ti Màmá ti jẹ tán, ó ku bíńtín bí èékánná. Ẹnì kan tiẹ̀ ti fi ọ̀dà kùn ún kó lè dán, bẹ́ẹ̀ síńkì tí wọ́n bá ti kùn lọ́dà ò wúlò mọ́.

Ọmọ iṣẹ́ kan gbé òòlù. Bàbá gba òòlù lọ́wọ́ ẹ̀, ó jù ú sẹ́yìn. "Ìwọ lo máa ra ẹsẹ̀ míì fún wọn ni?"

Ohun tó ṣe rèé. Ó kọ́kọ́ ro òróró bíréèkì àti kẹrosín pọ̀ sí ẹsẹ̀ bóòtì kọ̀ọ̀kan, ó ní ká lọ jẹun. Púpurú àti ọbẹ̀ ẹja tútù ni mo jẹ, mi ò sì ní purọ́ fún yín, mo bu lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tá a padà dé, kò tíì sí sípánà nílẹ̀. Ó ń fi òòlù kékeré kan orí bóòtì, kó, kó, kó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn àna. Lẹ́yìn náà ló wá gbé sípánà sí i, ó sì kọ́kọ́ fún un le díẹ̀ kó tó máa tú u. Mo ní, "Bàbá, tútú ni ẹ fẹ́ tú u, ẹ ẹ̀ wa ń fún un le?" Ó ní tó bá ti lè mì sápá kan, á mì sápá kejì.

Ó yọ irin pẹlẹbẹ kan lókè pùròpẹ́là, bóòtì kan sì fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ni wọ́n ti fọ́ nítorí bóòtì yẹn: ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ á rò pé òun ti tú gbogbo ẹ̀ tán, á wá máa fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbá ẹsẹ̀ tí bóòtì ṣì dì mú.

Èyí tó kẹ́yìn kọ̀ jálẹ̀. Bàbá gbé iná gáàsì, ó ń fi jó alumíníọ́mù yí bóòtì ká, kò jẹ́ kí iná dúró sójú kan. Alumíníọ́mù ń fẹ̀ ju irin lọ nínú ooru, ihò á là díẹ̀ fún bóòtì. Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ o: alumíníọ́mù kì í pọ́n bíi ti irin kó tó yọ́. Ẹ ò ní rí àmì, ẹ kàn máa rí i pé ó ti ń ṣàn. Itọ́ ni Bàbá fi ń dán an wò. Bí itọ́ bá ti ń hó ṣìì, ó tó nìyẹn. Ó fi ábẹ́là kan bóòtì tó gbóná, ábẹ́là yọ́ wọlé lọ. Ó tú u. Bóòtì ṣẹ́.

Màmá pariwo. Bàbá ní, "Ẹ fara balẹ̀, ìdí ẹ̀ á yọ." Òótọ́ ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ já bọ́, ìdí bóòtì yọrí síta, ó fi plíásì mú un, ó yí i jáde. Rọ́bà ti jẹ tán. Nínú ìyẹ́ mẹ́fà, méjì ló kù. Gbogbo wa lá ń wá mẹ́rin yòókù bí ẹni ń wá owó, nítorí tí wọn ò bá rí wọn, wọ́n á há sójú ọ̀nà omi lókè, ẹ́ńjìnì á tún gbóná. Ẹrẹ̀ etíkun Ìlàjẹ ló ń lọ rọ́bà bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé ó ti parí. Bàbá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kó lè pààrọ̀ ọ́ìlì jíà. Ohun tó dà jáde funfun bíi wàrà. Gbogbo wọn dákẹ́.

Omi ti wọnú jíà. Láti pa rọ́bà tó ń dá omi dúró dà, àfi kí wọ́n fa irin róbótó tó di ọ̀pá pùròpẹ́là mú jáde, iyọ̀ sì ti lẹ òun náà pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí. Ó ní tóun bá fà á, ó lè jáde, ẹsẹ̀ sì lè là. Tí ò bá fà á, omi iyọ̀ á jẹ jíà àti bẹ́ríìnì, ọkọ̀ á gbé Màmá délé lónìí, ṣùgbọ́n òun ò lè sọ ti oṣù méjì òní. Ẹsẹ̀ tuntun ń kọ́? Ó dárúkọ iye kan. Màmá ṣírò ẹ̀ lórí ìka, ó bojú wo apẹ̀rẹ̀ ẹja tó ti rà tó wà nínú oòrùn, yìnyín ti ń yọ́ lábẹ́ ẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìwé ìròyìn ni mo kà ní poli, kì í ṣe ẹ́ńjìnì.

Ó ní, "Bàbá, ẹ fà á. Gbèsè ọkàn kan ló wà lọ́rùn mi, mi ò fẹ́ méjì." Ó wá ní kí wọ́n bá òun fi ọkọ̀ ẹlòmíràn kó ẹja lọ sí Igbókòdá, òun máa san owó ọkọ̀. Èrè ọjọ́ yẹn lọ nìyẹn.

Wọ́n fi kẹrosín rẹ ẹ́ mọ́jú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá fi igi lé e, ó ń gbá a díẹ̀díẹ̀ kó lè yí, kì í ṣe kó jáde. Iná lára ẹsẹ̀ níta, púlà nínú, ó fún púlà le, ó dúró, ó tún jó o níná. Bó ṣe ń lọ nìyẹn fún ohun tó ju wákàtí mẹ́ta lọ. Màmá kúrò níbẹ̀, ó lọ dúró sétí òkun. Mo gbọ́ ohùn kan, pàá! Ọkàn mi já. Mo rò pé ẹsẹ̀ ti là.

Ọmọ iṣẹ́ ló ké, "Ó ti wá o!"

Bàbá fọ ojú ibẹ̀, ó wò ó lójú oòrùn, ó fi ìka pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò là. Jíà ṣì dáa. Ó fi rọ́bà tuntun sí i, ó fi gírísì kun gbogbo bóòtì kó tó dá a padà. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má dá bóòtì padà ní gbígbẹ mọ́. Ó ní kí Màmá máa fi omi tó mọ́ fọ inú ẹ́ńjìnì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù kó sì tan án.

Màmá wò ó. "Bàbá, omi wo? Èyí tá a máa mu là ń wá." Bàbá rẹ́rìn-ín, kò jiyàn. Omi yí Ayétòrò ká, ṣùgbọ́n omi òjò àti piọ́ wọ́tà ni wọ́n ń mu. Kọ́ńsólà kan ṣoṣo ni wọ́n rí: Màmá ní Igbókòdá lòun máa ti máa fọ̀ ọ́, níbi tí omi odò ti tutù lẹ́nu.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì la gbéra. Mo jókòó sẹ́yìn, mi ò wo ewé ojú omi mọ́, mi ò wo ẹyẹ. Ìtọ̀ ẹ́ńjìnì ni mo tẹjú mọ́ títí a fi dé jẹ́tì. Màmá bọ́ sílẹ̀, ó lọ bèèrè iye tí wọ́n ta ẹja òun.