Odò Tó Pọ́n

Mo ń ti ọjà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan ni mo rí àwòrán odò kan lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin tó ń ya àwòrán ní Mayfair, níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Omi inú rẹ̀ búlúù bí aṣọ iléèwé. Mo bi í pé odò wo nìyí. Ó ní, "Ọ̀ṣun ni, Mọ́mì." Mo ní Ọ̀ṣun tí èmi rí l'Óṣogbo pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ta ló máa ra odò ẹlẹ́rẹ̀ gbé kọ́ sí pálọ̀?"

Mo bá tèmi lọ, ṣùgbọ́n búlúù yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Ta ni kò mọ ohun tó ṣe Ọ̀ṣun? Àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń hú etí odò, wọ́n ń fọ erùpẹ̀ rẹ̀ nínú omi, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣàn lọ títí dé igbó Ọ̀ṣun, igbó tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ní 2022, ìjọba ní kí àwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun má mu omi náà. Irọ́ funfun báláú ni ọmọ yìí ń yà, mo sọ fún ara mi.

Àfi bí mo ṣe rántí Ìyá Àgbà. Mo wà ní kíláàsì kẹta, mo fi kéréyọ́ọ̀nù ya odò, tíṣà fún mi ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Mo sáré gbé e lọ fún un. Ó yí ìwé náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ṣé wọ́n da aró sí i ni?" Omi tí Ìyá Àgbà mọ̀ máa ń tòrò tí èèyàn fi ń rí òkúta nísàlẹ̀ rẹ̀, lábẹ́ igi, ó máa ń dúdú. Kò búlúù rí láyé rẹ̀. Páálí kéréyọ́ọ̀nù ló kọ́ mi ní búlúù, ó sì jọ pé òun náà ló kọ́ ọmọ Mayfair. Odò tí kò sí rí là ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ìyá Àgbà ní àwòrán tirẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á gbé agbọ̀n, á lọ wa ilẹ̀pa, á pò ó mọ́ ẹbọ́tọ, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri, díẹ̀díẹ̀, láti ìdí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Tí òjò bá fọ̀ ọ́, ọdún tó ń bọ̀ ló kù. Mi ò rí i kí ó bínú sí òjò rí.

Ògiri yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ayàwòrán Moyọ̀ Òkédìjí. Lẹ́yìn tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, sọ ọ̀dà òkèèrè di ọ̀wọ́n gógó, òun tó ń kọ́ni ní yunifásítì wa wo ọwọ́ àwọn ìyá tó ń kun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi erùpẹ̀ Ifẹ̀ kun kánfáàsì. Ní 1989, òun àti Kúnlé Filani, Tọ́lá Wẹwẹ, Bọ́lájí Campbell àti Túndé Nasiru dá ẹgbẹ́ ayàwòrán Ọ̀nà sílẹ̀.

Ibi tó ti ká mi lára nìyí: ká ní ẹnìkan fi erùpẹ̀ nìkan ya Ọ̀ṣun nígbà náà, odò rẹ̀ ì bá pọ́n, à bá sì ní kò rówó ra ọ̀dà ni. Lónìí, erùpẹ̀ gan-an ló bá odò mu. Kí ni mò ń pè ní ó jọ ọ́? Erùpẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń ṣàn lọ yẹn.

Mo padà sí Òṣogbo, mo bu omi sí ìgò, mo gbé e sórí tábìlì. Ní ọjọ́ kẹta, ẹrẹ̀ rẹ̀ ti sọ̀ sísàlẹ̀. Mo da omi orí rẹ̀ nù, mo fi ìka kó ẹrẹ̀ náà, mo fà á lórí pépà. Nígbà tó gbẹ, ògiri Ìyá Àgbà ló jọ. Mo wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé àwọn awagóòlù máa ń lo mákúrì, mo bá dìde, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì.