Àlejò tí ó Kọ́ Ọmọ Onílé ní Ọnà

Orúkọ òyìnbó ológun kan, Binger, ni a fi sọ ìlú Bingerville, tí ó jẹ́ olú-ìlú Côte d'Ivoire láti 1900 títí di 1934. Ibẹ̀ ni Charles Combes, agbẹ́gilére ará Faransé, fìdí kalẹ̀ sí, tí ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀. Àwọn ọmọ onílé kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ojú ènìyàn ti rí gan-an ni ère wọn ń rí. Ọwọ́ wọn já fáfá, kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ará Yúróòpù ni wọ́n fi ń wo igi.

Ní 1947, àlejò mìíràn, Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà, bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Òun kò sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá agbẹ́gilére. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, ni ó pè. Ọ̀dọ̀ Bándélé ni Lámídì Fákẹ́yẹ sì ti kọ́ṣẹ́. Ìtàn Bíbélì ni wọ́n ń gbẹ́ fún ìjọ, síbẹ̀ orí ère wọn tóbi bí ti àwọn baba wọn. (Ẹni tí ó bá rò pé àìmọ̀-ọ́n-gbẹ́ ni, kí ó bi àgbà léèrè ohun tí orí jẹ́.) Fákẹ́yẹ di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ère Odùduwà tí ó gbẹ́ wà níbẹ̀.