ÒKÈ REPACK NÍ AMẸ́RÍKÀ: NÍBI TÍ BÍRÉÈKÌ KẸ̀KẸ́ TI Ń RÚ ÈÉFÍN BÍ ÀÀRÒ!

Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rí, tó tẹ bíréèkì tí bíréèkì kò dáhùn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹ̀rù fún un. Àyà olúwarẹ̀ á là gààrà, ẹsẹ̀ á máa wá ilẹ̀ tí yóò fi wọ́, ẹnu á sì máa pe Ọlọ́run kíkankíkan. Òkè kan wà ní ìpínlẹ̀ California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé bíréèkì tí kò dáhùn yìí gan-an ló sọ ọ́ lórúkọ. Repack ni wọ́n ń pe ọ̀nà orí òkè ọ̀hún. Bí a bá tú orúkọ náà sí Yorùbá, kò ju "ẹ tún un kì" lọ. Kí ni wọ́n ń kì? Gíríìsì ni!

Tí èèyàn bá kúrò ní ìlú San Francisco, tó gba orí afárá ńlá Golden Gate kọjá sí apá àríwá, àgbègbè Marin ló bọ́ sí yẹn. Ibẹ̀ ni òkè Tamalpais wà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 2,571 ẹsẹ̀ bàtà. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Fairfax wà ní àríwá òkè náà. Ìlú tó tutù ni, igi ló yí i ká, kì í ṣe ìlú ariwo. Òkè Pine Mountain wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, ara òkè yìí sì ni Repack ti sọ̀kalẹ̀ wá sílé. Ẹ má rò pé títì ọlọ́dà ni o. Ọ̀nà eruku ni, tí wọ́n là kí ọkọ̀ àwọn panápaná lè ráyè wọ inú igbó nígbà tí iná bá sọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ojú rẹ̀, ọ̀gbàrá ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀, ó sì ń ṣẹ́ kọ́nà lójijì. Láàárín máìlì méjì àti díẹ̀, ọ̀nà yìí já wálẹ̀ ní 1,300 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn ín gan-an, orúnkún á sọ fún un.

Ní nǹkan bí ọdún 1975 sí 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin bẹ̀rẹ̀ sí í kó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lọ sí orí òkè yìí. Kẹ̀kẹ́ Schwinn ni púpọ̀ nínú wọn, èyí tí wọ́n ti ṣe láti àwọn ọdún 1930 àti 1940, tí táyà rẹ̀ sanra, tí irin rẹ̀ wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kó pàǹtírí sí àti ẹ̀yìnkùlé àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n jọ. Charlie Kelly wà nínú wọn, ẹni tó máa ń kó ẹrù fún ẹgbẹ́ olórin Sons of Champlin. Gary Fisher wà níbẹ̀, eléré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti fìgbà kan lé kúrò nínú ìdíje nítorí pé irun orí rẹ̀ gùn jù. (Irun o! Bí ẹni pé irun ló ń wa kẹ̀kẹ́.) Joe Breeze náà wà níbẹ̀, ọmọ tó mọ irin jó.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, ẹ gbọ́ bí bíréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí wáyà, kò sí ọwọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lára áńdù. Inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni bíréèkì wà. Tí ẹni tó gùn ún bá wa pẹ́dà sẹ́yìn, irin kan nínú họ́ọ̀bù á fẹ̀, á wá máa ha ara họ́ọ̀bù láti inú. Lójú títì pẹrẹsẹ, kò sí nǹkan tó dùn tó o. Ṣùgbọ́n lórí Repack, èèyàn á wa pẹ́dà sẹ́yìn láti òkè títí dé ìsàlẹ̀ ni. Irin ń ha irin, ooru ń mú, gíríìsì inú họ́ọ̀bù á yọ́, á jóná, èéfín á sì máa rú tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá fi máa dé ìsàlẹ̀, họ́ọ̀bù ti gbẹ táútáú. Kò sí ẹni tó lè tún un gùn sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé ó tú họ́ọ̀bù, kí ó kì gíríìsì tuntun sí i. Ibi tí orúkọ òkè ti wá nìyẹn. Àwọn ọmọ ìlú Cupertino kan, tí àwọn náà fẹ́ràn irú eré yìí, tiẹ̀ fi orúkọ bíréèkì ayé ìgbà náà, Morrow, sọ ẹgbẹ́ wọn. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1974 ni wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ táyà sísanra tó ní gíà wá sí Marin, tí ẹnu sì ya àwọn tó rí i.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ sáré ìje lórí Repack. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀, wọ́n á sì fi aago ká àkókò tí kálukú lò. Alan Bonds ló gbégbá orókè lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ọgbọ́n tó dá? Òun nìkan ni kò ṣubú! Àwọn yòókù fi ara gbalẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ìje náà wá di ohun tí àwọn èèyàn ń wá wò. Gary Fisher fi ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 22 sọ̀kalẹ̀, kò sì sí ẹni tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí nínú àwọn ìje náà. Joe Breeze ló tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré ló fi jù ú lọ. Obìnrin náà ò gbẹ́yìn. Wende Cragg bá wọn sá a, ó sì tún gbé kámẹ́rà dání. Púpọ̀ nínú àwòrán ayé ìgbà náà tí à ń rí lónìí, òun ló yà á. Kọ́nà kan wà lórí ọ̀nà yẹn tí wọ́n ń pè ní Camera Corner, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ayàwòrán máa ń dúró sí. Ẹni tó bá máa ṣubú, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń ṣubú.

Irin àtijọ́ kò lè pẹ́ gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Férémù ń kán, fọ́ọ̀kì ń tẹ̀. Ìyẹn ló mú kí Joe Breeze jókòó ní ọdún 1977, tó fi irin tuntun jó kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n dìídì ṣe fún òkè, Breezer ni wọ́n ń pè é. Ní 1979, Fisher àti Kelly dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, Tom Ritchey ló ń jó férémù fún wọn. Nígbà tó di 1981, ilé iṣẹ́ Specialized ti ní kí wọ́n bá òun ṣe Stumpjumper ní Japan lọ́pọ̀ yanturu, ọjà sì ṣí. Ohun tí wọ́n ń ṣà láàtàn ti di ohun tí wọ́n ń to sí ìsọ̀.

Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀kì ṣì le gbagidi. Bí táyà bá kọlu òkúta, ọwọ́, èjìká àti eyín ni òkúta náà ń bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Turner ló wá ojútùú sí èyí. Mẹkáníìkì ni, ó ti bá ẹgbẹ́ eléré máṣíìnì ti Honda ṣiṣẹ́ rí. Ohun tó ti rí lára máṣíìnì ló gbé wá sára kẹ̀kẹ́: páìpù tó ń wọnú páìpù, afẹ́fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì, àti ọ́ìlì tó ń dá a dúró kó má baà máa ta bí eéṣú. Ẹni tó bá ti tú ṣọ́ọ̀kì iwájú ọ̀kadà rí, ó ti mọ inú rẹ̀. Ọdún 1989 ni ilé iṣẹ́ RockShox gbé e jáde, RS-1 ni wọ́n sọ ọ́. Kò lè wọlé ju nǹkan bí ìnṣì méjì lọ. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó wúwo, pé ọ̀lẹ ni yóò rà á. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní Durango, ní ìpínlẹ̀ Colorado, lọ́dún 1990, Ned Overend tó gba ipò kìíní nínú eré ọ̀nà jíjìn àti Greg Herbold tó gba ti ìsọ̀kalẹ̀, fọ́ọ̀kì RockShox ni àwọn méjèèjì gùn. Yẹ̀yẹ́ bá parí.

Lónìí, fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń sáré sọ̀kalẹ̀ òkè lè wọlé tó 200 mílímítà, ìyẹn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti RS-1. Bíréèkì náà ti kúrò nínú họ́ọ̀bù. Àwo irin pẹlẹbẹ kan ló ń yí pẹ̀lú táyà, písítìn á sì fún un mọ́ra bí ẹni fi ọwọ́ di ọ̀bẹ mú. Ọ́ìlì inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ti písítìn, bíi ti mọ́tò gẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wá wà nílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yìí ni pé, kí ló tún kù tí wọ́n máa gbé dé? Bí ọlọ́jà ṣe ń wo ojú ọ̀run kó tó pàtẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wo ohun tó ti jáde kí wọ́n tó sọ ohun tó ń bọ̀.

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀kì adojúdé ló máa gba ìgboro. Nínú fọ́ọ̀kì tí a mọ̀, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wà lókè, èyí tó sanra wà nísàlẹ̀. Adojúdé yí i po: èyí tó sanra á wà lókè níbi tí agbára ti ń wọ̀ ọ́ jù, ọ́ìlì á sì máa ṣàn wá sídìí rọ́bà ìsàlẹ̀, kò ní gbẹ. Fox gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún 2025, Podium ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tuntun pátápátá. RockShox ti gbé ọ̀kan jáde lọ́dún 2014, wọ́n tún fún un ní orúkọ àtijọ́ yẹn, RS-1. Àléébù adojúdé ni pé irin tó ń so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ lórí táyà kò sí níbẹ̀, nítorí náà ó rọrùn fún un láti lọ́. Ẹni tó bá yanjú èyí láìjẹ́ kó wúwo, òun ló máa pa owó.

Àwọn mìíràn gbà pé bátìrì ló máa jọba. Láti ọdún 2021 ni RockShox ti gbé Flight Attendant jáde, ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bóyá ẹni tó gùn ún ń gun òkè ni tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀, tí á sì dá ṣọ́ọ̀kì le tàbí kó tú u rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó dára. Àmọ́ ẹni tó bá gbàgbé láti ṣájì bátìrì rẹ̀ lálẹ́ ńkọ́? Fún ìnáwó tó tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí onítọ̀hún lè gbàgbé.

Ní ti bíréèkì, ooru náà ṣì ni ọ̀tá, kò yí padà láti 1976. Gbogbo ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe mọ̀ pé ọ́ìlì bíréèkì mọ́tò ń fa omi mọ́ra, ó sì ń bó ọ̀dà bí èèyàn bá dà á sílẹ̀. Tí omi bá wà nínú rẹ̀, tí bíréèkì wá gbóná, omi náà á hó, á di oruku, ọwọ́ bíréèkì á sì lọ wọlé pátápátá láìdá kẹ̀kẹ́ dúró. Ilé iṣẹ́ SRAM tó ti ń lo irú ọ́ìlì yẹn tipẹ́ ti ń yà sí ọ̀dọ̀ ọ́ìlì tí kì í fa omi. Maven tí wọ́n gbé jáde ní 2024 ń lò ó, bíréèkì náà sì lágbára gan-an. Àwọn ará Shimano ní Japan fi alumíníọ̀mù sáàárín irin méjì nínú àwo bíréèkì kan tí wọ́n ṣe, kí ooru lè tètè jáde. Àwo náà ń tóbi sí i, ó ti kúrò ní 160 mílímítà, ó ti dé 200, ó ti dé 220. Ohun tó fa èyí ni kẹ̀kẹ́ oníná tó ti kún ìta. Ó wúwo ju kẹ̀kẹ́ lásán lọ, ohun tó bá sì wúwo, agbára ló ń dá a dúró. Bosch ti Jámánì ti gbé bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há dé orí kẹ̀kẹ́ oníná, ní 2022 ló sì dé orí èyí tí wọ́n ń gùn lórí òkè. Bó bá ti dé ibẹ̀, yóò ṣòro kó má dé ibi tó kù.

Owó ńkọ́? Fọ́ọ̀kì gidi kan ṣoṣo lónìí lé ní 1,000 dọ́là. Fọ́ọ̀kì nìkan o, kò tíì sí táyà, kò sí ṣéènì. Àwọn tó ṣa kẹ̀kẹ́ láàtàn ní 1976 kò lè gba èyí gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ẹ̀rín ni Marin fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí kẹ̀kẹ́ yìí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tó ń gun ẹṣin fẹjọ́ sùn pé kẹ̀kẹ́ ń já lù àwọn ní kọ́nà. Ẹjọ́ wọn kì í ṣe irọ́. Ẹṣin tí ẹ̀rù bà lè gbé arúgbó jù sílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti lé kẹ̀kẹ́ kúrò ní púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà tóóró orí Tamalpais, tí wọ́n fi í sí ọ̀nà panápaná. Wọ́n fi eré mọ sí máìlì 15 láàárín wákàtí kan, wọ́n sì ní kó máa fà dé máìlì 5 ní kọ́nà tí ojú kò ti ríran. Àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ tí ọlọ́pàá fi ń mọ eré mọ́tò dání láti fi mú àwọn ọmọ kẹ̀kẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ra fọ́ọ̀kì àti bíréèkì tó lágbára jù láyé, tó wá gbé e wá sí Fairfax, máìlì 15 ni òfin fún un.

Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń wá. Ní 2015 ni ilé àkójọ Marin Museum of Bicycling ṣílẹ̀kùn ní Fairfax, Joe Breeze wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ilé ìrántí àwọn akọni kẹ̀kẹ́ agùnkè, tó ti wà ní Crested Butte ní Colorado láti 1988, kó wá síbẹ̀ pẹ̀lú.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé iṣẹ́ kíkì gíríìsì ti parí, kó ka ìwé tó ń tẹ̀ lé fọ́ọ̀kì RockShox. Lẹ́yìn 50 wákàtí tí wọ́n bá ti gùn ún, wọ́n ní kí wọ́n tú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n nu ìdọ̀tí kúrò, kí wọ́n sì pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹni tó ń gùn ún fún wákàtí kan lójúmọ́, kí oṣù méjì tó pé, ó ti di dandan kó gbé e lọ bá mẹkáníìkì.