Kì í Ṣe Gbèsè, Ìfipamọ́ Ni

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, ìtàn kan wà tí àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta kò lè gbàgbé. Ilé-ìwé ni a wà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Orí wa ti ń funfun kí ó tó parí.

Ní oṣù Keje ọdún 1985, ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa mú ìwé ìròyìn wálé. Ìròyìn ọmọ Jámánì kan tí ó gba ife-ẹ̀yẹ tẹ́nìsì ní Wimbledon wà nínú rẹ̀. Boris Becker ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 17 ni. Nínú àwọn ọkùnrin, kò sí ọmọdé tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba ife náà rí. Àwa náà kò ju ọmọ ọdún 17 lọ! A gé pátákó ṣe rákẹ́ẹ̀tì, a ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, a sì ń fò lé e bí wọ́n ti ní Becker ń ṣe. Orí koríko ni tirẹ̀, ilẹ̀ líle ni tiwa; orúnkún wa ni ó jìyà rẹ̀.

Becker tún gba ife náà ní ọdún 1986 àti 1989. Ife ńlá mẹ́fà ni ó gbà lápapọ̀. Ní ọdún 1991, òun ni ipò kìíní ní gbogbo àgbáyé. Owó wọlé bí òjò.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2002, ilé-ẹjọ́ ní Munich dá a lẹ́bi lórí owó orí. Ó ní Monaco ni òun ń gbé, Munich ni ó sì ń gbé ní ti gidi. Wọ́n ní kò ní lọ sẹ́wọ̀n bí kò bá tún ṣẹ̀. Ìkìlọ̀ ni ìyẹn jẹ́. Ní ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kéde pé kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ dáadáa: òfin ibẹ̀ kò ní kí á ju ẹni bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ó fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ hàn, kí wọ́n lè fi san fún àwọn tí ó jẹ ní gbèsè. Becker fi ilé kan pamọ́ ní Leimen, ìlú ìbí rẹ̀. Ó fi gbèsè báǹkì 825,000 yúrò pamọ́. Nínú ẹ̀sùn 24 tí wọ́n fi kàn án, wọ́n dá a láre nínú 20. Mẹ́rin tí ó kù tó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àbọ̀. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì dá a padà sí Jámánì.

Nígbà tí a gbọ́, ọ̀kan nínú wa bú sẹ́rìn-ín. Èkejì bi í pé: "Ṣé o ti gbàgbé abẹ́ ibùsùn Ìyá?" Ẹ̀rín tán.

Ní ọdún 1998, a ra bàtà láwìn lọ́wọ́ àgbà oníṣòwò kan. Ọjà kùtà. Nígbà tí Bàbá wá gba owó, a ní olè ti kó ọjà lọ. Irọ́ ni! Àpò bàtà mẹ́rin wà lábẹ́ ibùsùn ìyá ọ̀kan nínú wa. Ìyá ń gbálẹ̀, ọwọ̀ kan àpò. Ó pè wá jókòó, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, gbèsè yín kò tì mí lójú. Èyí tí ẹ gbé sábẹ́ ibùsùn mi ni ó tì mí lójú." A ru àpò náà lọ sílé Bàbá lóru ọjọ́ náà, a dọ̀bálẹ̀, a jẹ́wọ́. Bàbá gba bàtà, ó sì fún wa ní àkókò láti san ìyókù. Oṣù 14 ni a fi san án.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tí ó bá jẹ gbèsè, kí ó lọ bá olówó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí á kó ohun ìtìjú sábẹ́ ibùsùn àwọn tí ó bí wa. Àmín.